Bí irin tí wọ́n fi sí yín lára bá bàjẹ́: bí ẹ ṣe lè bèèrè ẹ̀tọ́ yín

"Irin náà dà?" Ìbéèrè tí lọ́yà kọ́kọ́ bi wá nìyẹn nígbà tí a dé ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìlọrin. Èmi àti màmá mi wo ojú ara wa. Ọ̀kadà ló gbá àbúrò mi lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, eegun itan rẹ̀ dá, wọ́n sì fi irin dè é ní ilé ìwòsàn kan. Ní oṣù keje, níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, irin ọ̀hún dá sí méjì nínú ẹran ara rẹ̀. Wọ́n tún ẹsẹ̀ là, wọ́n yọ ọ́. Nọ́ọ̀sì gbé e wá bá wa nínú abọ́, ó ní ṣé a máa mú un lọ. Màmá mi ní rárá, ohun tó pa ọmọ àwọn lẹ́kún kò ní í wọ ilé àwọn. Ìyá wo ni kò ní í sọ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n abọ́ yẹn ni ẹjọ́ wa bá lọ.

Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ohun tí mo kọ síbí ni mo kọ́ nínú ọdún méjì tí a fi ń lọ tí a fi ń bọ̀ lọ́dọ̀ lọ́yà, dókítà àti àwọn àjọ ìjọba, tí mo sì tún jókòó ka àwọn òfin náà fúnra mi. Mo kọ ọ́ fún ẹni tó ní irin lẹ́sẹ̀ tàbí lápá, ìbàdí àtọwọ́dá, àwọ̀n tí wọ́n fi dí ìpákè, sílíkọ́ọ̀nù ọmú, tàbí ẹ̀rọ tí ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù déédéé, tí nǹkan náà sì ti di wàhálà sí i lára.

Kì í ṣe gbogbo irin tó dá ni irin burúkú

Ẹ fara balẹ̀ síbí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń ṣubú. Ẹ mú wáyà tí wọ́n fi ń sọgbà, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwájú sẹ́yìn. Kò ní í dá lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n yóò dá. Bí irin inú ara ṣe ń dá nìyẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó di eegun mú títí eegun yóò fi so. Bí eegun bá kọ̀ tí kò so, irin nìkan ni yóò máa gbé ìwúwo ara lójoojúmọ́, bó sì ti wù kó dára tó, á rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan.

Nítorí náà, ẹ lè rí ìdí náà níbi mẹ́ta. Ó lè jẹ́ irin fúnra rẹ̀: ayédèrú, irin tí èròjà rẹ̀ kò pé, tàbí èyí tó ti sán láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Ó lè jẹ́ ọwọ́ dókítà: ó mú irin tó kúrú jù, síkúrúù kò tó, tàbí kòkòrò wọ ojú ọgbẹ́ tí wọn kò sì tọ́jú rẹ̀ bó ti yẹ. Ó sì lè jẹ́ ara aláìsàn: àìsàn ìtọ̀ ṣúgà, sìgá, tàbí títẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí àkókò tó tó. Lọ́yà ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́ yóò dúró lórí ìkẹta yìí, yóò ní, "Ó tètè fi ẹsẹ̀ rìn." Ẹ ti wá ìwé tí dókítà kọ ọ́ sí pé ọjọ́ báyìí ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì ya ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to eegun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí ọ̀pọ̀ wa ní Ìgbómìnà ti ń ṣe, ẹ má fi í pamọ́ fún lọ́yà yín. Ẹnu yín ló ti dára kó gbọ́ ọ ju ẹnu ọ̀tá lọ.

Ó tún wà tí irin kò dá rárá, tó sì jẹ́ òun ló burú. Ìbàdí àtọwọ́dá kan wà tó ń jẹ́ ASR, tí DePuy tó wà lábẹ́ Johnson & Johnson ṣe. Irin ń gbo irin nínú rẹ̀, ẹ̀rún kóbáọ́tì àti kirómíọ̀mù sì ń wọ inú ẹran ara. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní oṣù kẹjọ 2010. Ní 2013 ilé iṣẹ́ náà gbà láti san nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.5 dọ́là fún nǹkan bí 8,000 aláìsàn ní Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ Faransé, sílíkọ́ọ̀nù tí kì í ṣe ti ìṣègùn ni ilé iṣẹ́ PIP ń rọ sínú ọmú àtọwọ́dá. Wọ́n dá a dúró ní 2010, wọ́n sì dájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 4 fún olùdásílẹ̀ rẹ̀ ní 2013. Ohun tó tú àṣírí ASR ni ìwé àkọsílẹ̀ tí Australia àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ nípa gbogbo ẹni tí wọ́n bá fi ìbàdí àtọwọ́dá sí lára. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àwọn tí wọ́n ń tún iṣẹ́ abẹ wọn ṣe ti pọ̀ jù. Níhìn-ín, irin tó wà lọ́wọ́ yín àti ìwé tó wà nínú fáìlì yín ni ẹ ó gbára lé.

1. Irin náà, kí wọ́n tó yọ ọ́

Kí wọ́n tó gbé aláìsàn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ kọ lẹ́tà kékeré sí dókítà àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀. Kò ju ìlà mẹ́rin lọ: orúkọ aláìsàn, nọ́ńbà káàdì rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, àti pé ẹ fẹ́ gba gbogbo irin àti síkúrúù tí wọ́n bá yọ, kí wọ́n má sọ ọ̀kankan nù. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n buwọ́ lu ọ̀kan fún yín. Ẹ tún fẹnu sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ, torí ọwọ́ rẹ̀ ni abọ́ máa ń wà. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́. Ẹ ò tí ì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ohun tó jáde lára yín ni ẹ fẹ́ tọ́jú.

Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, wọ́n á fi omi ṣàn án, wọ́n á sì pa kòkòrò ara rẹ̀ bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe. Kó mọ síbẹ̀. Ẹ má fi Hypo fọ̀ ọ́, torí irú omi ìfọṣọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ irin. Ẹ má fi kànìnkànìn ha á. Èyí tó wá ṣe kókó jù: ẹ má fi ojú méjèèjì ibi tó ti dá kan ara wọn láti wò ó bóyá wọ́n bára mu. Gbogbo èèyàn ló máa ń ṣe é, ọwọ́ á kàn lọ síbẹ̀ ni. Ojú ibi tó ti dá yẹn gan-an ni onímọ̀ irin yóò fi maikirosíkóòpù wò, yóò sì mọ̀ bóyá ó ti ń sán díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan tàbí ó dá lójijì. Bí ẹ bá fi wọ́n ha ara wọn, ẹ ti pa ohun tí ì bá sọ rẹ́.

Kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan wà nínú ike tirẹ̀, ike gbígbẹ tó ní ìdérí. Ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ ya á ní fọ́tò níwá àti lẹ́yìn. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó fún yín, ẹni tó gbà á, ọjọ́ àti aago sórí ìwé, kí ẹni méjèèjì buwọ́ lù ú. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa tọ́jú rẹ̀, bí ó bá sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ kan péré, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ilé ìwòsàn bá ní àwọn fẹ́ fi ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n kọ ọ́ fún yín pé ó wà lọ́dọ̀ àwọn.

Bí àwọn òbí yín bá sì rí bíi màmá mi, tí wọn kò fẹ́ kó wọlé, ẹ gbé e sọ́dọ̀ lọ́yà tàbí ọ̀rẹ́ tó ṣeé fọkàn tán. Kò di dandan kó sùn lábẹ́ òrùlé yín.

2. Orúkọ irin náà

Ilé iṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà sí ara irin, lẹ́tà tíńtìntín tí ẹ ó gbé síbi ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó rí i. Ẹ wá ọ̀rọ̀ REF àti LOT. LOT yẹn ló ń sọ ìdì tí wọ́n ṣe irin náà mọ́, òun náà ló sì lè fi hàn pé ẹlòmíràn ní Ìbàdàn tàbí ní Kánò ní irú rẹ̀ lára. Bí irin náà bá wá nínú páálí tó mọ́, sítíkà máa ń wà nínú páálí, wọ́n sì máa ń lẹ ọ̀kan mọ́ fáìlì. Irin tí wọ́n bá mú láti inú abọ́ ńlá tí oríṣiríṣi kó jọ sí kì í sábà ní sítíkà, nítorí náà lẹ́tà ara rẹ̀ ni ẹ ó gbẹ́kẹ̀ lé. Irin tí kò bá sì ní lẹ́tà kankan lára, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún lọ́yà: ẹ̀rí nìyẹn náà.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe rà á. Lọ́dọ̀ wa, ẹbí ni wọ́n sábà máa ń fún ní ìwé pé kí wọ́n lọ ra irin, tàbí kí ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀ wá bá wọn ní wọ́ọ̀dù. Àwa ka owó sí i lọ́wọ́, kò sì fún wa ní rìsíìtì. Bí ẹ bá fi báńkì sanwó, ẹ̀rí ni alẹ́ẹ̀tì fóònù yín àti ìwé POS. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ẹ bá a sọ rẹ́. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní apá 84, gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní kóòtù bí ìwé ẹ̀rí tó bá a rìn bá pé. Lọ́yà ló máa ń ṣe ìwé náà.

Fún ẹni tí kò tí ì ra irin: orúkọ aláìsàn ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ sórí rìsíìtì. Nínú ẹjọ́ àdéhùn ọjà, ẹni tó rà á ni òfin sábà máa ń mọ̀. Àbúrò bàbá tó sanwó níjọ́ kìíní lè má ráyè bọ̀ wá sí kóòtù lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

3. Ìwé ilé ìwòsàn

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ ọ́ di dandan fún ilé ìwòsàn láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti 2023 sì fún yín ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa yín. Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ lè fi Òfin Òmìnira Ìsọfúnni ti 2011 kún un, èyí tó fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn.

Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kó buwọ́ lu lẹ́tà náà. Ẹ má kàn kọ "fáìlì mi". Ẹ dárúkọ wọn: ìwé tí dókítà kọ nípa iṣẹ́ abẹ méjèèjì, ìwé ìfọwọ́sí, fọ́tò x-ray gbogbo, èsì àyẹ̀wò kòkòrò, ìwé ìdásílẹ̀, àti gbogbo ohun tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí ẹ padà wá fún àyẹ̀wò. X-ray ni kí ẹ lé jù, torí òun ló ń fi hàn bóyá eegun ti ń so kí irin tó dá.

Àwọn kan ń bẹ̀rù nítorí pé wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé yẹn ni ẹ fi gbà kí wọ́n là yín. Ẹ kò fi gbà kí wọ́n fi irin burúkú sí yín lára, ẹ kò sì fi gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe àìbìkítà.

4. Oṣù 3

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù, ẹ má gbàgbé èyí. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba. Apá kejì rẹ̀ sọ pé ẹjọ́ tí èèyàn bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lórí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé kóòtù láàárín oṣù 3. Ilé ẹjọ́ ti gbà pé ó bo ilé iṣẹ́ ìjọba náà mọ́ra, èyí tó túmọ̀ sí pé ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ lè fi bo ara wọn. Òfin náà ní bí ìpalára bá ṣì ń bá a lọ, ọjọ́ tó bá dúró ni oṣù 3 yóò bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé ẹjọ́ sì ti sọ pé kò bo ẹjọ́ àdéhùn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀tọ́ yín ta tẹ́tẹ́ lórí àlàyé yẹn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba tún ní òfin pé kí èèyàn kọ́kọ́ fún wọn ní ìwé ìkìlọ̀ kó tó pè wọ́n lẹ́jọ́, ẹ ka ọjọ́ ìkìlọ̀ náà mọ́ oṣù 3 yẹn.

Fún ilé ìwòsàn aládàáni, ẹni tó ta irin, àti ẹni tó kó o wọlú, òfin ìpínlẹ̀ ló sọ iye ọdún, ó sì yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà ka ti Kwara síwájú yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó parí sára ògiri.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì má kọjá lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ kí ẹ tó rí lọ́yà. Mo mọ bí ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ṣe ń rí: owó ti tán, aláìsàn wà ní bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀ ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri. Ẹ rán ẹnì kan nínú ẹbí lọ.

5. Àwọn àjọ

NAFDAC ló ń ṣàkóso ohun èlò ìṣègùn tó ń wọ Nàìjíríà, ó sì ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin. Ẹ fi ìwé sọ fún wọn, kí ẹ so fọ́tò àti LOT mọ́ ọn, kí ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n forúkọ irin náà sílẹ̀. Wọn kì í dájọ́ owó gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n èsì wọn lè di ẹ̀rí yín, ìròyìn yín sì lè dá irin tó kù nínú ìdì yẹn dúró kó tó wọ ara ọmọ ẹlòmíràn. Èyí ni ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ tiwa: a ò ní LOT, a ò lè kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

FCCPC ni ti ẹ̀tọ́ oníbàárà. Ti dókítà tó ṣe àìbìkítà ni MDCN, tó lè bá a wí tàbí gba ìwé àṣẹ rẹ̀, àmọ́ tí kì í sanwó fún yín. Lílọ sọ́dọ̀ wọn kò dá oṣù 3 dúró.

6. Ta ni ẹ ó pè, lórí kí ni?

Láti 1932 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dájọ́ lórí ìgbín tó kú sínú ìgò ohun mímu ni òfin ti mọ̀ pé ẹni tó ṣe ọjà jẹ ẹni tó máa lò ó ní ojúṣe, bí kò tilẹ̀ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà lo irú òye yìí ní 1985, nínú ẹjọ́ fìríìjì oníkẹ́rósíìnì tó bú gbàmù tó sì jó obìnrin tó ń lò ó. Lónìí Òfin FCCPC ti 2018 wà, apá 136 rẹ̀ sì sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá pèsè ọjà tó ní àbùkù yóò ru ẹrù ìpalára tí ọjà náà bá fà. Ẹni tó ta irin fún yín àti ẹni tó kó o wọlú kò lè kàn sọ pé àwọn kọ́ ni àwọn rọ ọ́.

Ilé iṣẹ́ tó wà lókè òkun ṣeé pè, ṣùgbọ́n kóòtù gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí i, owó rẹ̀ kò sì kéré. Èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ àwọn tó wà nílé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi WhatsApp sọ fún yín pé kí ẹ san owó díẹ̀ kí òun lè fi orúkọ yín sínú owó dọ́là tí wọ́n ń pín ní Amẹ́ríkà, ẹ sá. Owó ASR tí mo sọ lókè, àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ wọn ní Amẹ́ríkà ló wà fún.

7. Ẹlẹ́rìí tó mọ̀ ọ́n

Ẹ nílò méjì. Èkíní ni dókítà eegun tí kò bá àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ó máa ń ṣòro fún dókítà láti jẹ́rìí lòdì sí ẹni tí wọ́n jọ ń pàdé nínú ìlú kan, nítorí náà ẹ lè wò kọjá Ìlọrin: UCH ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn eegun ìjọba ní Igbobi l'Ékòó, tàbí ti Dala ní Kánò. Èkejì ni onímọ̀ irin. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń rí sí irin àti ohun èlò, ẹ bèèrè níbẹ̀. Irin aláìdípẹtà tí wọ́n fi ń de eegun, 316L, yẹ kó ní mọ́líbídínọ́ọ̀mù bíi 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí kò bá ní in ti sọ ẹjọ́ ara rẹ̀. Lọ́yà ni kó gbé irin lọ, kó sì jẹ́ kí apá kejì mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gé nǹkan kan lára rẹ̀.

8. Owó

Ilé ẹjọ́ pín in sí méjì. Owó tí ẹ ti ná: ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, bí kò bá sí ìwé, kóòtù kì í sábà fún yín. Ìrora, ẹsẹ̀ tó kúrú, oorun tí kò sùn: adájọ́ ló ń díwọ̀n ìyẹn. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Owó mọ́tò láti Òmù-Àrán dé Ìlọrin, oògùn, ọ̀pá ìtilẹ̀, owó ẹni tó ń bá yín ṣọ́ ìsọ̀, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ lọ́jọ́ tí ẹ bá ná an. Télọ̀ tàbí àgbẹ̀ tí kò gba owó oṣù lè fi ìwé àjọ tàbí ìwé báńkì hàn láti fi mọ ohun tó ń wọlé fún un tẹ́lẹ̀.

9. Lọ́yà, àti ọ̀rọ̀ àwọn àgbà

Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ, ìyẹn 70,000 náírà láti 2024, lè lọ sí Legal Aid Council, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn yòókù, ẹ bèèrè ní ẹ̀ka NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, ní Ìlọrin fún lọ́yà tó ti ṣe ẹjọ́ ìpalára rí, kí ẹ sì kọ àdéhùn owó rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n á sọ fún yín pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n á ní kádàrá ni. Mo gbà pé Ọlọ́run ló ń kádàrá, àmọ́ mi ò rí ibi tó ti ní kí ẹni tó ta ayédèrú jẹ owó rẹ̀ gbé. Bí ẹ kò bá fẹ́ ìjà, ọ̀nà mìíràn wà: Multi-Door Courthouse Kwara ní Ìlọrin, níbi tí ẹnì kan tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni yóò ti bá ẹ̀yin méjèèjì jókòó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún níbẹ̀ ni ìwé ìparí. Bí ó bá sọ pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, ẹ kò lè padà wá mọ́ bí ẹsẹ̀ bá tún bàjẹ́. Kí dókítà kọ́kọ́ sọ ìtọ́jú tó kù kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Ní tiwa, lọ́yà kọ lẹ́tà sí ẹni tó ta irin náà. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́, rìsíìtì kò sí, irin kò sí, lọ́yà sì sọ òótọ́ fún wa pé kí a má tún ná owó lé owó. Irin kejì ló wà lẹ́sẹ̀ àbúrò mi báyìí, ó sì ti ń fi ọ̀pá rìn lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọ̀fà. Kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà, mo gba sítíkà irin ọ̀hún, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, mo sì kọ orúkọ ẹni tó tà á sábẹ́ rẹ̀. Màmá mi ló ń tọ́jú ìwé náà, nínú àpótí aṣọ wọn.